Ẹ Ti Di Mánéjà: Bí Ẹ Ṣe Máa Bẹ̀rẹ̀ Iṣẹ́ Náà

Aago méjì òru ni iná kú. Ilé iṣẹ́ búrẹ́dì kan ní apá Odògùnyán, ní Ìkòròdú, ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, kò sì tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi mí ṣe mánéjà. Fúláwà ni mo ń pò tẹ́lẹ̀, mo sì dá múṣémúṣé nídìí rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ọmọkùnrin tó gba ipò mi pẹ́ dé. Mo bọ́ ẹ̀wù, mo kó sí ìdí ẹ̀rọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pò ó fúnra mi. Inú mi ń dùn. Mo ní bí àwọn òṣìṣẹ́ bá rí i pé ọ̀gá wọn kò sá fún iṣẹ́, wọ́n á túbọ̀ kà mí sí. Àṣé ní gbogbo wákàtí tí mo fi wà níbẹ̀, kò sí ẹni tó lọ wo dísẹ́ẹ̀lì inú jẹnẹrétọ̀. Ó gbẹ. Iná NẸ́PÀ kò sí. Ààrò wa sì rèé, bí kò bá sí iná mànàmáná, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ iná sínú rẹ̀ kì í ṣiṣẹ́. Fúláwà àpò kan wà lẹ́nu ẹ̀rọ, ti àpò méjì ti wà nínú páànù, ó ń wú. Kí a tó rí ilé epo tó ṣílẹ̀kùn, ilẹ̀ ti ń mọ́, gbogbo rẹ̀ ti wú kọjá ààlà, ó ti kan. Àwọn ìyá tó ń ta búrẹ́dì wa ní Sábó dé ní aago márùn-ún, wọ́n bá àtẹ òfìfo.

Ẹni tó ni ilé iṣẹ́ náà kò pariwo mọ́ mi. Ohun tí wọ́n bi mí kò ju ẹyọ kan lọ: "Nígbà tí o wà nídìí fúláwà, ta ni mánéjà?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Ó ti tó ọdún mélòó kan báyìí tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, mo sì máa ń rí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sípò bíi tèmi, ní ilé ìwé aládàáni, ní ṣọ́ọ̀bù oògùn, ní ilé ẹja dídì ní Ẹ̀pẹ́, ní ibi tí wọ́n ti ń gé búlọ́ọ̀kù. Wọ́n mọ iṣẹ́ ọwọ́ wọn dáadáa, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé wọn ga. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sọ fún wọn pé iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọn ni mo kọ eléyìí fún.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ iṣẹ́ tó kúrò lọ́wọ́ yín àti èyí tó bọ́ sí i

Iṣẹ́ mánéjà ni pé kí iṣẹ́ di ṣíṣe láti ọwọ́ àwọn ẹlòmíràn, kí ó rí bí a ṣe fẹ́ kó rí, ní àsìkò tí a fẹ́ ẹ, kí owó tí a ná sí i má sì ju èyí tó wà nílẹ̀ lọ. Nǹkan mẹ́rin ló wà nínú gbólóhùn yẹn, kò sì sí èyí tó ní kí ẹ po fúláwà nínú wọn.

Ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ to iṣẹ́ yìí lẹ́sẹẹsẹ kí gbogbo ayé lè kà á ni Henri Fayol, ará Faransé. Kì í ṣe olùkọ́ yunifásítì, ẹnjiníà ibi ìwakùsà ni. Ní 1888 ni wọ́n fi í ṣe olórí ilé iṣẹ́ kan tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kógbá wọlé, ó gbé e dìde, ó sì wà níbẹ̀ di 1918. Ní 1916 ló kọ ohun tó rí sílẹ̀. Ó ní iṣẹ́ alákòóso pín sí márùn-ún: kí ó wo iwájú kí ó sì ṣètò, kí ó to èèyàn àti ohun èlò sí àyè wọn, kí ó pàṣẹ, kí ó so iṣẹ́ oníkálukú pọ̀, kí ó sì máa yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó bá ètò mu. Lóde òní, mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń kà nílé ẹ̀kọ́: ètò, ìtòjọ, ìdarí, àyẹ̀wò. Àwọn mìíràn á ya gbígba òṣìṣẹ́ sọ́tọ̀. Bó ṣe wù kí wọ́n pín in, iṣẹ́ kan náà ni, kì í sì í tò tẹ̀ léra bí àkàbà. Láàárín wákàtí kan, ẹ lè fọwọ́ kan gbogbo wọn.

Ẹ tún mọ ìpele tí ẹ wà. Àwọn tó wà lókè pátápátá ń wo ọdún mẹ́ta, ọdún márùn-ún síwájú. Àwọn tó wà láàárín ń sọ èrò àwọn tòkè di iṣẹ́ oṣooṣù. Àwọn tó wà nísàlẹ̀, tí a ń pè ní súpáfásọ̀, ni wọ́n dúró ti òṣìṣẹ́ lójoojúmọ́. Ní ilé iṣẹ́ kékeré bíi tiwa, ẹnì kan ṣoṣo lè jẹ́ ti àárín àti ti ìsàlẹ̀ pọ̀. Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Robert Katz, ṣàlàyé ní 1955 pé ọgbọ́n mẹ́ta ni alákòóso ń lò: ọgbọ́n iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, ọgbọ́n ìbáèèyàn-lò, àti ọgbọ́n rírí gbogbo iṣẹ́ ní odindi. Bí èèyàn bá ṣe ń gòkè, ti àkọ́kọ́ ń dín, ti ẹ̀kẹta ń pọ̀ sí i. Ti àárín kì í dín níbì kankan, òun sì ni kò sẹ́ni tó kọ́ wa.

Ohun tí ẹ máa ṣe ní ọ̀sẹ̀ yìí rèé. Fún ọjọ́ 7, ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ bá fọwọ́ yín ṣe sílẹ̀. Ní ọjọ́ keje, ẹ fàlà sábẹ́ àwọn tó jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan ló lè ṣe é. Ìyókù, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí ẹ máa kọ́ ọ. Nígbà tí mo ṣe tèmi, nǹkan 31 ni mo kọ, 9 péré ni mo lè fàlà sí.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ ra ìwé kan, kí ẹ fi ojú òsì rẹ̀ ṣètò

Ìwé àkọsílẹ̀ ńlá, ẹlẹ́yìn líle, irú èyí tí wọ́n ń tà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Bí ẹ bá ṣí i sílẹ̀, ojú ìwé méjì ló máa kọjú sí yín. Ti òsì ni ohun tí a fẹ́. Ti ọ̀tún ni ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni a ń kọ ti òsì, àárọ̀ ni a ń kọ ti ọ̀tún. Mo ti lo fóònù, mo ti lo kọ̀ǹpútà, àmọ́ mi ò tíì rí ohun tó dà bí ìwé yìí fún ilé iṣẹ́ tí kò ju èèyàn 20 lọ, torí pé gbogbo òṣìṣẹ́ ló lè ṣí i wò láì gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Bí ojú òsì ṣe rí ní alẹ́ Thursday kan rèé:

Àpò 6. Búrẹ́dì ńlá 600.
Sábó 220, Gáréèjì 150, Àgíríìkì 90, Ìgbógbó 80, Ìmọ̀tà 60.
Dísẹ́ẹ̀lì tó wà nílẹ̀: lítà 40. Èyí tí a máa lò: lítà 25.
Yíìsì: ó kù ti ọjọ́ 2. Ra òmíràn lọ́la.
Mọ́tò jáde ní 4:45.

Lẹ́yìn èyí ni orúkọ àwọn tó máa pò, tó máa yan, tó máa dì í sí náílọ́ọ̀nù. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tí làákàyè ti wọ̀ ọ́ ni nọ́ńbà àkọ́kọ́ yẹn. Kí ló dé tó fi jẹ́ àpò 6, tí kò jẹ́ 8? Ẹni tó kàn ń tẹ̀ lé ti àná kò ṣètò. Ètò ni kí ẹ béèrè pé báwo ni ọ̀la ṣe máa rí. Ṣé ilé ìwé wọlé? Bí àwọn ọmọ bá wà ní ọlidé, búrẹ́dì tí wọ́n ń gbé lọ sílé ìwé dín nìyẹn. Ṣé ààwẹ̀ Ramadan ni? Ọjà á kúrò ní àárọ̀, á bọ́ sí ìrọ̀lẹ́, torí ìṣínu àti sààrì. Ṣé òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta? Mọ́tò tó ń gba ọ̀nà Ìtóìkín lọ sí Ìmọ̀tà gbọ́dọ̀ tètè jáde.

Èyí tí àlejò kì í rántí ni orò. Bí wọ́n bá ti kéde orò ní Ìkòròdú, àwọn ìyá oníbúrẹ́dì kò ní jáde ní àkókò tí wọ́n ní kí obìnrin wà nílé, àwọn gan-an ló sì ń ra ọjà wa. Ìkéde náà kì í bò, gbogbo ìlú ló máa ń gbọ́ ọ ṣáájú. Mánéjà tó bá gbọ́ ọ tó ṣì po àpò 6, kò lè sọ pé orò ló fa àdánù. Èmi a máa pe Ìyá tó jẹ́ olórí àwọn tó ń tà á ní Sábó ní ọjọ́ méjì ṣáájú: "Ìyá, ẹ kú ọjà o. Ẹ jọ̀ọ́, mélòó ni ká ṣe?" Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú méjì ni. Kò sí ìwé ìṣirò kankan tó mọ ọjà Sábó ju obìnrin yẹn lọ.

Ẹ tún fi "bí" mẹ́ta kún ojú òsì: bí iná bá kú ńkọ́, bí ẹnì kan kò bá wá ńkọ́, bí mọ́tò bá bàjẹ́ ńkọ́. Níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ orúkọ ẹni tó máa ṣe nǹkan kan àti ohun tó máa ṣe. Òru àkọ́kọ́ tí mo sọ nípa rẹ̀ yẹn, ìlà kan péré bẹ́ẹ̀ ni ì bá gbà wá.

Ètò oṣù àti ti ọdún náà wà, ẹ̀yìn ìwé ni mo ń kọ wọ́n sí. Òfin kan ló wà lórí gbogbo rẹ̀: ẹ kọ ohun tí a lè fi nọ́ńbà kà. "Kí iṣẹ́ túbọ̀ dára" kì í ṣe ètò, àdúrà ni. "Búrẹ́dì tó máa jóná nínú 600 kò gbọdọ̀ ju 10 lọ" ni ètò.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ to iṣẹ́, kí àṣẹ má baà já ara rẹ̀

Nínú ìlànà 14 tí Fayol fi sílẹ̀, èyí tó ń dun ilé iṣẹ́ wa jù níbí ni pé ẹnì kan ṣoṣo ló yẹ kó máa pàṣẹ fún òṣìṣẹ́ kan. Ó rọrùn láti sọ, àmọ́ ilé iṣẹ́ ẹlẹ́bí ni púpọ̀ nínú tiwa. Ọ̀gá wà, ìyàwó ọ̀gá wà, àbúrò ọ̀gá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú dé náà wà.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ yan búrẹ́dì kékeré. Kò pẹ́ tí ìyàwó ọ̀gá fi dé, wọ́n ní ti ńlá ni kí wọ́n kọ́kọ́ yan. Bàbá tó ń yan búrẹ́dì ká ọwọ́ méjèèjì lẹ́yìn, wọ́n dúró. Wákàtí kan kọjá, kò sí èyí tó wọ ààrò. Kí ni kí wọ́n ṣe? Ìkankan nínú àwa méjèèjì kò ṣe é ṣàìgbọràn sí.

N kò bá wọn fà á lójú àwọn òṣìṣẹ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo lọ bá wọn ní ọ́fíìsì, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Mọ́mì, ẹ ṣé tí ẹ ń bá wa mójú tó o. Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín ni pé ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́, kí ẹ rán mi. Bí mi ò bá ṣe é, kí ẹ bi mí. Bí ẹ bá ti rán ẹlòmíràn, mi ò ní mọ ẹni tí màá bi." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní ó dáa. Láti ọjọ́ náà, wọ́n á pè mí kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Kì í ṣe gbogbo ọ̀gá ló máa gbà ní ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ padà lọ bẹ̀ wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kejì.

Ìkejì ni pé bí ẹ bá fi iṣẹ́ lé èèyàn lọ́wọ́, ẹ fi agbára iṣẹ́ náà lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú. Kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ ló fi yé mi. Ẹni mẹ́ta ló ní kọ́kọ́rọ́, ẹnì kan ṣoṣo ni a sì ń bi nígbà tí ṣúgà bá dín. Ọmọbìnrin náà sunkún lójú mi lọ́jọ́ kan. Mo gba kọ́kọ́rọ́ méjì yòókù, títí kan tèmi. Bí mo bá fẹ́ wọ sítọ́ọ̀ báyìí, òun ni yóò ṣí i fún mi, yóò sì kọ ohun tí mo mú.

Bí àwọn tó ń jẹ́ iṣẹ́ fún yín tààrà bá ti ju 8 lọ, ẹ yan olórí fún wọn lábẹ́ yín. Mánéjà tí gbogbo èèyàn 20 ń sá tọ̀ wá lórí ọ̀rọ̀ náílọ́ọ̀nù kò ní ráyè ronú.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ gba èèyàn bó ṣe yẹ

Èyí kò gùn lọ́dọ̀ mi. Kí ẹ tó gbà á, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ òru kan níṣojú yín, kí ẹ sì sanwó òru yẹn fún un. Ẹ óò rí bó ṣe ń fọ ọwọ́, bó ṣe ń gbé páànù gbígbóná, bó ṣe ń dá àgbà lóhùn.

Lẹ́yìn náà, ẹ fún un ní ìwé. Labour Act ti Nàìjíríà sọ pé kí òṣìṣẹ́ tó pé oṣù mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́, ó yẹ kí agbanisíṣẹ́ ti fún un ní ìwé tó sọ irú iṣẹ́ náà, owó rẹ̀ àti bí wọ́n á ṣe máa san án. Òfin yẹn kan náà ló sọ iye ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ fi ṣáájú sọ fún èèyàn kí iṣẹ́ tó parí: ọjọ́ kan fún ẹni tí kò ju oṣù mẹ́ta lọ, ọ̀sẹ̀ kan fún ẹni tó ti ju bẹ́ẹ̀ lọ àmọ́ tí kò tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ méjì fún ẹni tó ti pé ọdún méjì tí kò tíì pé márùn-ún, oṣù kan fún ẹni tó ti pé ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òṣìṣẹ́ tó bá fẹ́ lọ náà gbọ́dọ̀ fún yín ní ìwọ̀n yẹn. "Máa lọ, má wá lọ́la" tí a ń sọ káàkiri, ẹjọ́ ló ń fà.

Kí ó sì tó di ìparí oṣù kẹta yín, kí ó jẹ́ pé ẹni méjì ló mọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe. Ẹ kọ orúkọ àwọn méjèèjì sára ògiri.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ darí èèyàn, pàápàá àwọn tó dàgbà jù yín lọ

Ibí ni ọ̀rọ̀ wà. Nínú ìwé àwọn òyìnbó, ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ ni wọ́n máa ń dárúkọ, ó parí. Níbí, òṣìṣẹ́ yín lè jẹ́ ẹgbẹ́ bàbá yín. Bàbá tó ń yan búrẹ́dì lọ́dọ̀ wa ti wà nídìí ààrò kí wọ́n tó bí mi. Èmi ni mo ń kọ orúkọ wọn sí ìwé owó oṣù.

Ní oṣù kejì mi, búrẹ́dì 12 jóná lóru kan. Mo sọ̀rọ̀ sí wọn lójú gbogbo èèyàn, mo sì lo ohùn tí kò yẹ kí ọmọ lò fún bàbá. Wọn kò dá mi lóhùn. Wọ́n nu ọwọ́, wọ́n ká aṣọ iṣẹ́ wọn, wọ́n gbé e sórí tábìlì, wọ́n lọ sílé. Alẹ́ méjì ni wọn kò fi wá. Èmi àti àgbà kan ní àdúgbò ni a lọ bẹ̀ wọ́n nílé wọn ní Ògòlóńtò.

Nígbà tó tún ṣẹlẹ̀, mo ṣe é lọ́nà mìíràn. Mo dúró títí wọ́n fi kó gbogbo rẹ̀ jáde. Mo gbé omi tútù lọ bá wọn lórí bẹ́ńṣì ẹ̀yìnkùlé. Mo ní, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo eléyìí." Mo fi ọ̀kan nínú àwọn tó jóná lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n yí i padà, wọ́n fi ìka kan ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n gbọ́ bó ṣe dún. "Ìsàlẹ̀ ló ti gbà á," ni wọ́n wí. "Gbogbo èyí tó jóná, ẹ̀yìn lọ́hùn-ún ni wọ́n wà. Bíríkì ibẹ̀ ti là. Mo ti sọ fún mánéjà tó ṣáájú rẹ." A mú tọ́ọ̀ṣì, a lọ wò ó. Bíríkì ti là ní gígùn ìka mi àárín, iná ń yọ níbẹ̀ bí ahọ́n. Ọjọ́ kejì ni bírikìlà tún un ṣe.

Ó ti ju oṣù kan lọ tí bàbá yẹn ti mọ ohun tó ń jó búrẹ́dì wa. Wọn ò sọ fún mi torí n kò tíì bi wọ́n rí. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ tútù ní í yọ obì lápò. Obì ti wà lápò wọn ṣáá.

Bí mo ṣe ń bá èèyàn wí láti ìgbà náà nìyí. Ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ mú ẹ̀rí lọ́wọ́, ohun tí ojú rí. Ẹ bi í kí ẹ tó sọ tiyín. Ẹ jọ fẹnu kò lórí ohun tó máa yí padà àti ọjọ́ tí ẹ máa tún un wò. Ti ìyìn ni kí ẹ ṣe ní gbangba.

Bí ẹ bá ń rán èèyàn níṣẹ́, ẹ jẹ́ kó tún un sọ fún yín. "Ṣé o ti gbọ́?" kò tó, nítorí kò sẹ́ni tó máa ní òun ò gbọ́. Ẹ ní, "Sọ bó o ṣe máa ṣe é fún mi."

Lórí ìwúrí, ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé kò sí ọ̀rọ̀ ìyànjú tó tó owó oṣù tó wọlé ní ọjọ́ tí a pè é. Bí owó bá máa pẹ́, ẹ sọ fún wọn kí ọjọ́ náà tó pé, kí ẹ sì dá ọjọ́ tó máa wọlé. Òṣìṣẹ́ lè fara da ìròyìn burúkú, àmọ́ kò rọrùn fún un láti máa sá fún onílé láì mọ ohun tó máa sọ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ so wọ́n pọ̀

Ẹni tó ń pò kò mọ ohun tí dírẹ́bà ń bá yí. Dírẹ́bà kò mọ̀ pé ààrò pẹ́. Ìpàdé ìṣẹ́jú 10 ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ní ìdúró, láì sí àga, ló yanjú rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Mo ka ojú òsì sókè, ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ ohun tó lè dá òun dúró, a tú ká.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ kọ ojú ọ̀tún, kí ẹ sì tẹ̀ lé ohun tó bá sọ

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Àyẹ̀wò kì í ṣe ṣíṣọ́ èèyàn bí olè. Ìgbésẹ̀ rẹ̀ kò ju mẹ́rin lọ: ẹ ní òdiwọ̀n, ẹ wọn ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ fi méjèèjì wé ara wọn, ẹ tún ìyàtọ̀ ṣe. Èyí tó kẹ́yìn ni a sábà máa ń fò.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ojú òsì sọ pé 600, ojú ọ̀tún sọ pé 571. Ìyàtọ̀ jẹ́ 29. Mo tò ó: 12 jóná, 9 ya nígbà tí wọ́n ń yọ ọ́ nínú páànù. Ó ku 8 tí kò sẹ́ni tó lè sọ ibi tó wà. Mo yẹ ọ̀sẹ̀ tó kọjá wò, 7, 8, 8, 9. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ₦1,000 ni búrẹ́dì kan. 8 lóru kan, òru 26 lóṣù kan, 208 nìyẹn. ₦208,000. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2024 jẹ́ ₦70,000, nítorí náà ohun tó ń sọnù yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó oṣù èèyàn mẹ́ta.

Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni olè, ó sì máa wá sí ẹ̀yin náà lọ́kàn. Ẹ mú sùúrù. Mo wà ní ilé iṣẹ́ mọ́jú fún òru mẹ́ta, mo kàn ń wò. Èèyàn 8 ló ń ṣe iṣẹ́ òru. Láàárín aago mẹ́ta sí mẹ́rin, nígbà tí ti àkọ́kọ́ bá jáde, oníkálukú á mú ọ̀kan, á já a, á jẹ ẹ́ pẹ̀lú omi. Wọ́n ti jẹun alẹ́ láti aago méje. Ebi ló ń pa wọ́n. Àwa tí a ṣètò dísẹ́ẹ̀lì fún jẹnẹrétọ̀ kò ṣètò oúnjẹ fún èèyàn.

Mo sọ ọ́ fún ọ̀gá, a sì kọ ìlà tuntun sí ojú òsì: "Oúnjẹ òru: 4, àti tíì." Ẹni méjì á pín ọ̀kan. Nọ́ńbà 8 yẹn kúrò nínú ìwé wa láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ má dúró de ìparí kí ẹ tó yẹ nǹkan wò. Ẹ yẹ fúláwà wò kí wọ́n tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Ẹ gbé ẹyọ 10 sórí ìwọ̀n kí ó tó wọ páànù, bóyá ó péye. Ẹ ka àmì ara gbogbo ohun tí wọ́n ń pò mọ́ fúláwà: NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, ti fòfin de potassium bromate nínú búrẹ́dì, kẹ́míkà tó lè ṣe àgọ́ ara ní jàǹbá ni, kò sì sí ìdí tí mánéjà fi lè ní òun ò mọ̀ pé ó wà nínú ọjà òun.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ dá àkókò sí fún ara yín

Henry Mintzberg, ọ̀mọ̀wé ará Kánádà, tẹ̀ lé àwọn olórí ilé iṣẹ́ márùn-ún kiri láti wo ohun tí wọ́n ń ṣe gan-an. Nínú ohun tó gbé jáde ní 1973, ìdajì gbogbo ohun tí wọ́n fọwọ́ kàn kò gbà ju ìṣẹ́jú 9 lọ. Ó ka ipa mẹ́wàá tí mánéjà ń kó, ó sì kó wọn sí abẹ́ mẹ́ta: ti èèyàn, ti ìròyìn, ti ìpinnu. Mo kà á, ọkàn mi balẹ̀. Mo ti rò pé èmi nìkan ni iṣẹ́ mi máa ń já wẹ́wẹ́ báyẹn.

Nítorí náà, ẹ mú ìṣẹ́jú 45 lójúmọ́ tí ẹ kò ní gbé fóònù. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni tèmi. Ìgbà yẹn ni mo ń fi ojú ọ̀tún ti àná kọ ojú òsì ti òní.

Bí ẹ bá ń jábọ̀ fún ẹni tó ni ilé iṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ sọ èyí tí kò dùn, lẹ́yìn náà ohun tí ẹ ti ṣe sí i, lẹ́yìn náà ohun tí ẹ nílò. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu oníbàárà ní Sábó.

Iléyá kan ni mo kọ́kọ́ gba ìsinmi ọjọ́ méjì. Mo gbé fóònù mi sílẹ̀ sórí ìjókòó níwájú mi ní gbogbo ọjọ́ àkọ́kọ́, mo ń retí kó dún. Kò dún. Nígbà tí mo padà dé, mo ṣí ìwé. Ọmọbìnrin sítọ́ọ̀ ló ti kọ ojú ọ̀tún, lẹ́tà kéékèèké tó ṣe kedere: "Iná kú 1:20. Dísẹ́ẹ̀lì wà. Jóná 8. Oúnjẹ òru 4. Búrẹ́dì 588. Mọ́tò jáde 4:50." Nísàlẹ̀ rẹ̀, ó ti fàlà, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ti ọjọ́ kejì sí ojú òsì.